Ọ̀nà Mẹ́ta fún Ọmọ Kíláàsì Kẹwàá ní Amẹ́ríkà: Ìfiwéra AP, Dual Enrollment àti IB

Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé girama ní Amẹ́ríkà máa ń gbé fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹwàá, kí wọ́n lè yan ohun tí wọn yóò kọ́ ní kíláàsì kọkànlá. Ọmọ ni ó sábà máa ń kún un lórí kọ̀ǹpútà, òbí a sì buwọ́ lù ú nígbà tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, láìkà á tán. Bẹ́ẹ̀ ni kíláàsì kọkànlá yìí ni ọdún ìkẹyìn tí máàkì rẹ̀ máa ń pé kí ọmọ tó kọ̀wé sí yunifásítì, nítorí pé ìgbà ìwọ́wé kíláàsì kejìlá ni wọ́n ń fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́.

Òbí tí ó kàwé ní Nàìjíríà mọ ètò tí ó yàtọ̀ sí èyí. Ní SS1, wọ́n á pín ọmọ sí sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọmáṣà, lẹ́yìn náà WAEC àti JAMB ni yóò ṣe ìdájọ́. Ọmọ tí ó fi SS1 ṣeré, tí ó sì gbájú mọ́ ìwé ní SS3, lè wọlé láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní SS1. Ní Amẹ́ríkà, àkọsílẹ̀ máàkì láti kíláàsì kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè, wọ́n sì ń wo bí ẹ̀kọ́ tí ọmọ yàn ti le tó láàárín àwọn èyí tí ilé-ìwé rẹ̀ ní. University of California tilẹ̀ máa ń fo kíláàsì kẹsàn-án nígbà tí ó bá ń ṣírò GPA (àròpín máàkì ọmọ): máàkì kíláàsì kẹwàá àti ti ìkọkànlá ni ó ń lò. Ẹ̀kọ́ kẹsàn-án gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ yege o, àmọ́ orí ọdún méjì tí ó tẹ̀ lé e ni ìṣirò náà dúró lé.

Ohun tí ó máa ń wà lójú fọ́ọ̀mù náà fún ọmọ tí ó mọ̀wé ni ọ̀nà mẹ́ta: AP (Advanced Placement), dual enrollment (ṣíṣe iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì láti ilé-ìwé girama), àti IB (International Baccalaureate). Èwo ló le jù ni àwọn òbí wa sábà máa ń béèrè, nítorí wọ́n gbà pé èyí tí ó bá le jù ni yunifásítì yóò fẹ́ràn jù. Èmi kò fara mọ́ ọn pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan méjì ni mo rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa: ta ni yóò gba kírẹ́díìtì (ìwọ̀n ẹ̀kọ́ yunifásítì tí ọmọ ti ṣe sílẹ̀) lọ́wọ́ ọmọ lọ́jọ́ iwájú, àti pé bí ọmọ bá kọsẹ̀, níbo ni àmì ìkọsẹ̀ náà yóò hàn, yóò sì ti pẹ́ tó níbẹ̀. Lórí ìbéèrè kejì yìí gan-an ni ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yàtọ̀ síra jù lọ, síbẹ̀ a kì í sábà gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ ní ìpàdé òbí.

AP: máàkì méjì tí kò so mọ́ra

College Board, àjọ tí ó tún ń ṣe ìdánwò SAT, ni ó ń darí AP láti ọdún 1955. Ọmọ yóò jókòó nínú kíláàsì ilé-ìwé tirẹ̀, olùkọ́ ibẹ̀ ni yóò kọ́ ọ, nígbà tí ó bá sì di oṣù karùn-ún, yóò ṣe ìdánwò kan náà tí àwọn ọmọ AP káàkiri orílẹ̀-èdè ń ṣe, èyí tí wọ́n ń fi 1 sí 5 díwọ̀n. Owó ìdánwò kọ̀ọ̀kan súnmọ́ 100 dọ́là. Ọmọ tí agbára òbí rẹ̀ kò gbé e máa ń rí ẹ̀dínwó gbà, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì wà tí wọ́n ń san gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ń fi kírẹ́díìtì fún ẹni tí ó bá gba 3. Àwọn tí ó ṣòro láti wọ̀ sábà máa ń béèrè 4 tàbí 5, àwọn díẹ̀ kì í sì í fúnni ní kírẹ́díìtì rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè gba ọmọ láàyè láti fo ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun méjì ni ọmọ ń gbà nínú AP. Àkọ́kọ́ ni máàkì tí olùkọ́ fún un ní kíláàsì, èyí tí ó wọ inú àkọsílẹ̀ ilé-ìwé girama tí gbogbo yunifásítì yóò rí. Èkejì ni èsì ìdánwò oṣù karùn-ún, èyí tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ fúnra rẹ̀, tí ó sì lè fi ránṣẹ́ tàbí kí ó má fi ránṣẹ́. Ọmọ tí ó gba A ní kíláàsì AP Biology, tí ó sì gba 2 nínú ìdánwò, kò pàdánù ju kírẹ́díìtì lọ. A rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ó pọn dandan fún un láti fi 2 náà han ẹnikẹ́ni. Nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, AP ni ó ń dárí ji ọmọ jù lọ.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìdánwò ọjọ́ kan ni ó ń pinnu kírẹ́díìtì. Ọmọ tí ó máa ń gbọ̀n nígbà ìdánwò, tí ó sì ń ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ àṣetiléwá àti àròkọ, lè ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko kí ó má rí kírẹ́díìtì kankan gbà. Lẹ́yìn èyí, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan AP tí yóò ṣe. Níbi tí ilé-ìwé kan ti ní ogún AP, òmíràn tí kò jìnnà sí i lè má ní ju mẹ́rin lọ. Yunifásítì mọ èyí, nítorí pé olùdámọ̀ràn ilé-ìwé a máa fi ìwé tí ó ṣàlàyé ohun tí ilé-ìwé náà ní ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ìbéèrè ọmọ, nítorí náà wọn kì í dá ọmọ lẹ́bi fún ohun tí kò sí níwájú rẹ̀.

Fún ọmọ tí kò tíì kọjá kíláàsì kẹwàá, AP kan tàbí méjì ti tó láti fi dán ẹsẹ̀ wò. AP World History: Modern ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń gbé fún kíláàsì náà, AP Seminar, tí ó dá lé ìwádìí àti àròkọ, wọ́pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni AP Computer Science Principles. Àwọn òbí wa yóò fẹ́ láti mọ̀ pé AP African American Studies di ẹ̀kọ́ tí ilé-ìwé èyíkéyìí lè ṣe ní sáà 2024 sí 2025, lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n fi dán an wò, orí ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú òwò ẹrú ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Florida kọ̀ ọ́ ní ọdún 2023, nítorí náà ibi tí ìdílé ń gbé ni yóò sọ bóyá ọmọ yóò rí i yàn.

Dual enrollment: máàkì tí kì í parẹ́

Nínú dual enrollment, ọmọ ilé-ìwé girama ń ṣe iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì gan-an, ó sábà máa ń jẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tí wọ́n ń pè ní community college, yálà ó lọ síbẹ̀, ó ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí olùkọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fọwọ́ sí wá kọ́ ọ ní ilé-ìwé tirẹ̀. Kò sí ìdánwò oṣù karùn-ún. Bí ọmọ bá ti yege ní òpin sẹ̀mẹ́sítà, kírẹ́díìtì ti di tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan náà sábà máa ń ka fún un lẹ́ẹ̀mejì, fún ìwé ẹ̀rí girama àti fún kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ní ti owó, ìpínlẹ̀ ni yóò sọ. Georgia ń san owó rẹ̀ títí dé 30 kírẹ́díìtì. Texas ṣe òfin kan ní ọdún 2023 tí ó sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ tí owó ilé wọn kò tó, ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó bá wà nínú ètò náà. Ní àwọn ibòmíràn, òbí ni yóò san owó, ṣùgbọ́n owó náà kì í tó ìdámẹ́ta ohun tí ẹ̀kọ́ kan náà yóò náni ní yunifásítì aládàáni. Ìdílé tí ó mọ̀ dájú pé yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ni ọmọ ń lọ lè fi ọ̀nà yìí gé sẹ̀mẹ́sítà kan tàbí méjì kúrò nínú owó ilé-ìwé, torí pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní àdéhùn láàárín kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò àti yunifásítì ìjọba wọn lórí gbígba kírẹ́díìtì. Bí ó bá jẹ́ yunifásítì aládàáni tàbí ti ìpínlẹ̀ mìíràn ni ọmọ lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aládàáni tí orúkọ wọn ń dún kì í gba kírẹ́díìtì tí ọmọ ti lò láti fi gba ìwé ẹ̀rí girama.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti fara balẹ̀ nìyí. Máàkì dual enrollment máa ń wọ inú àkọsílẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, àkọsílẹ̀ náà kì í sì í parẹ́ títí láé. Àwọn òbí wa tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ di dókítà pọ̀ débi pé kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́, síbẹ̀ díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé AMCAS, ètò tí ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà fi ń gba ìwé ìbéèrè, pàṣẹ pé kí ọmọ kọ gbogbo iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ti ṣe rí, títí kan èyí tí ó ṣe nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé girama, wọ́n á sì ṣírò máàkì rẹ̀ mọ́ GPA. Bákan náà ni TMDSAS tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Texas ń lò. LSAC tí ń ṣètò ìwé àwọn tí ó fẹ́ kọ́ òfin náà ń ka á. Ọmọ ọdún 15 tí ó gba D nínú Biology ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, bóyá nítorí pé kò mọ̀ pé olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í lé ọmọ kiri fún iṣẹ́ tí kò fi sílẹ̀, yóò tún bá D náà pàdé ní ọdún 21, nígbà tí ó bá ń kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Bí ó bá ṣe pé AP Biology ni ó ti kọsẹ̀, orí àkọsílẹ̀ girama nìkan ni ìkọsẹ̀ náà ì bá mọ, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í sì í béèrè ìyẹn.

Èyí kò sọ dual enrollment di ohun tí à ń sá fún. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ọmọ tí yóò lọ kọ́ ìṣègùn má fi í ṣe sáyẹ́ǹsì tí kò tíì dá a lójú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn Amẹ́ríkà, ètò ìjọba, àti ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní gbangba ni ó dára jù láti ṣe níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí ó lè fún ọmọ aláápọn ní A ni wọ́n, A náà yóò sì máa tẹ̀ lé e kiri gẹ́gẹ́ bí D ì bá ti ṣe. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kò fẹ́ràn kí ọmọ fi kírẹ́díìtì AP dípò sáyẹ́ǹsì tí wọ́n béèrè fún. Wọ́n á fẹ́ kí ó tún ṣe ẹ̀kọ́ náà tàbí èyí tí ó ga jù ú lọ ní yunifásítì. Fún onímọ̀ ìṣègùn ọ̀la, ìwúlò AP sáyẹ́ǹsì wà nínú ìpìlẹ̀ tí ó fi lélẹ̀ àti ojú tí àwọn tí ń gba ọmọ sí yunifásítì fi ń wò ó.

IB: ẹrù kan tí a kì í gbé ní ìdajì

IB ti inú àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Geneva ní ọdún 1968 wá. Ètò Diploma rẹ̀, tí ó gba kíláàsì kọkànlá àti ìkejìlá, ni ó kan ọmọ kíláàsì kẹwàá, torí pé ọdún yìí ni yóò pinnu bóyá yóò wọ̀ ọ́. Ilé-ìwé tí àjọ náà fún láṣẹ nìkan ni ó lè ṣe é, wọn kò sì pọ̀ tó àwọn tí ń ṣe AP. Ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni ọmọ yóò yàn láti inú àwọn ẹ̀ka tí ètò náà là sílẹ̀. Ó kéré tán, mẹ́ta yóò wà ní ìpele gíga tí wọ́n ń pè ní HL, àwọn yòókù ní SL, ìpele tí kò ga tó bẹ́ẹ̀. Yóò kọ àròkọ ìwádìí tí kò gbọ́dọ̀ ju 4,000 ọ̀rọ̀ lọ, yóò ṣe ẹ̀kọ́ kan lórí bí ènìyàn ṣe ń mọ ohun tí ó mọ̀, yóò sì ṣe iṣẹ́ ọnà, eré ìdárayá àti iṣẹ́ ìsìn fún àwùjọ. 7 ni máàkì tí ó ga jù fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, 45 ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ọmọ sì gbọ́dọ̀ ní 24 ó kéré tán kí ó tó lè gba Diploma.

Ọmọ tí ó bá fẹ́ràn ìwé kíkà, tí ó lè kọ̀wé fún wákàtí mẹ́ta láìsá, tí ó sì mọ bí a ti ń pín àkókò, a máa gbádùn rẹ̀, ó sì máa ń sọ lẹ́yìn náà pé ọdún kìíní yunifásítì kò bá òun lójijì. Ọmọ tí ó fẹ́ràn ìṣirò àti físíìsì nìkan, tí àròkọ sì jẹ́ ìyà fún, yóò máa wo IB bí ẹ̀wọ̀n, nítorí pé kò sí bí yóò ṣe yẹra fún lítíréṣọ̀ àti èdè kejì. Lọ́dọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, AP dára jù, torí a lè mú Calculus àti Physics kí a sì fi AP lítíréṣọ̀ sílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò bínú.

Ní ti kírẹ́díìtì, HL ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń wò, wọ́n sì sábà máa ń béèrè 5 sókè. SL kì í sábà mú nǹkan wá. University of California yàtọ̀ díẹ̀, ó ń fún ẹni tí ó bá gba Diploma pẹ̀lú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kírẹ́díìtì lápapọ̀. Ohun tí ó yẹ kí òbí mọ̀ ni pé èsì ìdánwò ìparí máa ń jáde ní oṣù keje, lẹ́yìn tí yunifásítì ti gba ọmọ tán, nítorí náà máàkì kíláàsì àti èsì tí olùkọ́ fojú díwọ̀n ni wọ́n ń lò láti yan ọmọ.

Ibì kan wà tí IB ti ta AP àti dual enrollment yọ. Bí ìdílé bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní London tàbí Manchester, tí wọ́n sì ń rò ó pé ọmọ lè lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì ibẹ̀ máa ń sọ iye máàkì IB tí wọ́n fẹ́ ní tààrà. Wọ́n ń gba AP náà, wọ́n sábà máa ń béèrè mẹ́ta tí ó dára tàbí kí wọ́n fi SAT kún un. Kírẹ́díìtì kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò kì í sábà wúlò lọ́hùn-ún.

Ipò ọmọ ní kíláàsì, pàápàá ní Texas

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní GPA méjì: èyí tí A jẹ́ 4.0 fún gbogbo ẹ̀kọ́, àti èyí tí wọ́n fi nǹkan kún fún ẹ̀kọ́ tí ó le, tí A nínú AP lè fi di 5.0. Ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, èyí kò ní agbára tó bí àwọn òbí ṣe rò, nítorí yunifásítì máa ń tún GPA ṣírò fúnra wọn. Ní Texas, níbi tí àwọn Yorùbá ti pọ̀ ní Houston àti agbègbè Dallas, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Òfin ọdún 1997 ni ó sọ pé kí yunifásítì ìjọba gba ọmọ tí ó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé rẹ̀. University of Texas ní Austin ní àyè láti dín in kù, ó sì ti dín in kù sí ìdá márùn-ún fún àwọn tí ó wọlé ní ìgbà ìwọ́wé 2026. Ipò kan ṣoṣo lè sọ bóyá ọmọ yóò wọlé níbẹ̀ tàbí kò ní wọlé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé bóyá dual enrollment àti AP ní ìwọ̀n kan náà nínú ìṣirò ipò, torí pé àgbègbè ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ọmọ wà lójú ọ̀nà ìpele tí wọ́n ń pè ní Distinguished, èyí tí Algebra II jẹ́ dandan fún, nítorí pé láìsí i, òfin náà kò ní ràn án lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ ṣe ipò kìíní.

Ìṣirò ni fọ́ọ̀mù náà lè tì pa

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣirò nìkan ni ó ní àtẹ̀gùn tí a kò lè fò. Ọmọ tí ó ń ṣe Geometry ní kíláàsì kẹwàá yóò ṣe Algebra II ní ìkọkànlá, yóò sì ṣe Precalculus ní ìkejìlá, ibẹ̀ sì ni girama parí, kò dé Calculus. Fún ọmọ tí yóò kọ́ ìtàn tàbí òfin, kò burú. Fún ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ẹnjiníà, ìdíwọ́ ni, torí pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bíi MIT ń dámọ̀ràn pé kí ọmọ ti dé Calculus, àwọn ọmọ mìíràn tí yóò sì bá a jà fún àyè ti dé ibẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ó wà láti tún un ṣe, kíláàsì kẹwàá sì ni ó rọrùn jù láti ṣe é. Ọmọ lè ṣe Geometry àti Algebra II pa pọ̀ lọ́dún kan náà, tàbí kí ó fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ọ̀kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tàbí ilé-ìwé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú méjèèjì, mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́ fún ọmọ tí ìṣirò kì í dà láàmú: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò tó láti jẹ́ kí Algebra II wọ ọmọ lára, bẹ́ẹ̀ sì ni orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó kù dúró lé. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣirò ń da ọmọ láàmú, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ díẹ̀díẹ̀ kí ó sì ṣe AP Statistics ní ìkejìlá. Ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àwùjọ, ìmọ̀ ọpọlọ tàbí ìṣòwò yóò lò ó ju Calculus lọ.

Èdè Yorùbá náà ní àyè

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè ọdún méjì èdè mìíràn, àwọn tí ó ṣòro láti wọ̀ sì fẹ́ràn mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Spanish ni ọmọ sábà máa ń yàn. Ṣùgbọ́n California bẹ̀rẹ̀ òǹtẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Seal of Biliteracy, tí ọ̀pọ̀ jù lọ ìpínlẹ̀ ti gbà lẹ́yìn náà, tí wọ́n ń fi sórí ìwé ẹ̀rí ọmọ tí ó bá mọ èdè méjì dáadáa. Ilé-iṣẹ́ Avant ní ìdánwò Yorùbá tí ọmọ lè fi wá òǹtẹ̀ náà. Kíkọ àti sísọ ni wọ́n fi ń dán an wò, nítorí náà ọmọ tí ó kàn ń gbọ́ Yorùbá nílé tí ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn kò tíì dé ibẹ̀. Kíláàsì kẹwàá ṣì fún un ní àyè láti kọ́ ìkọ̀wé. Kí ẹ má fi èyí dípò Spanish láìjẹ́ pé ilé-ìwé ti fi ìwé sọ pé àwọn yóò kà á sí.

SAT tàbí ACT

Lórí èyí, mi ò ní pẹ́. Ìdánwò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń wò kí wọ́n tó gba ọmọ ni méjèèjì, wọn kò sì fi ọ̀kan ṣáájú èkejì. Orí kọ̀ǹpútà ni SAT wà láti ọdún 2024, ó gba wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 14, ìwé kíkà inú rẹ̀ kúrú, ìbéèrè kan sì ni ó ń tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. ACT tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2025 ti kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀ kì í sì í ṣe dandan mọ́. Ìwé kíkà rẹ̀ gùn, ọmọ sì gbọ́dọ̀ yára. Ní kíláàsì kẹwàá, ohun tí ó yẹ ni kí ọmọ ṣe PSAT, ìdánrawò SAT, kí ó sì fi àpẹẹrẹ ACT kan dánra wò nílé, kí ó lè mọ èyí tí ó bá a lára mu. PSAT kíláàsì kẹwàá kò kà fún ẹ̀bùn National Merit; ti kíláàsì kọkànlá ni ó ń kà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé SAT ti kú. MIT ti dá a padà ní ọdún 2022. Harvard, Dartmouth, Brown àti University of Texas ní Austin kéde ìdápadà tiwọn ní 2024. University of California, ní tirẹ̀, kì í wo ó rárá.

Owó: ọdún tí wọn yóò wò ti bẹ̀rẹ̀

Èyí kì í sí lórí fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kíláàsì kẹwàá ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kan irú ọ̀nà tí ẹ yóò yàn. FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ilé-ìwé ti ìjọba àpapọ̀, máa ń lo owó-orí ọdún kejì sẹ́yìn. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kẹwàá ní sáà 2025 sí 2026 yóò wọ yunifásítì ní 2028, owó tí ẹ rí ní ọdún 2026 ni wọn yóò sì fi díwọ̀n ìrànwọ́ rẹ̀. Oṣù kìíní kíláàsì kẹwàá ni ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó fi ọdún yẹn ṣe ìlọ́po iṣẹ́, tàbí bàbá tí ó yọ owó ìfẹ̀yìntì láti fi kọ́lé sí Ìbàdàn, yóò rí i pé owó náà ti wọ inú ìṣirò. Kò sí ẹni tí ń sọ pé kí ẹ fi owó pamọ́ fún ìjọba. Bí ilé kíkọ́ bá lè dúró de ọdún mìíràn, ó dára kí ó dúró.

Nǹkan méjì tún wà tí ó máa ń ká àwọn òbí wa mọ́. Láti sáà 2024 sí 2025, níní ọmọ méjì ní yunifásítì lẹ́ẹ̀kan náà kò dín ohun tí FAFSA ṣírò pé ìdílé lè san kù mọ́. Èkejì ni pé owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé fún ìyá àgbà àti owó ilé-ìwé àwọn àbúrò kò ní àyè nínú fọ́ọ̀mù náà, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó. Lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ti yunifásítì, pẹ̀lú ẹ̀rí bí ẹ ṣe ń fi í ránṣẹ́, ni ẹ lè fi ṣàlàyé rẹ̀, àwọn kan sì máa ń fetí sí i. Ọmọ tí ó wà lórí físà H-4, físà ìdílé òṣìṣẹ́ àjèjì, kò lè rí owó FAFSA gbà. Fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, dual enrollment tí ó lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí tí kò wọ́n lè ṣe wọ́n láǹfààní ju AP mẹ́jọ lọ, bí òfin ìpínlẹ̀ bá gbà wọ́n láàyè.

Bí mo ṣe máa yàn

Fún ọmọ tí ó ń lọ kọ́ ìṣègùn, AP fún sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, dual enrollment fún Gẹ̀ẹ́sì àti ìtàn. Fún ọmọ tí yóò dúró ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀, tí owó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi nílé, dual enrollment ni kí ó ṣáájú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i lórí ìkànnì yunifásítì náà pé wọ́n ń gba ẹ̀kọ́ yẹn gan-an. IB fún ọmọ tí ó fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ẹ. Òbí kò lè fẹ́ ẹ fún un. Ní kíláàsì kọkànlá, ẹ̀kọ́ tí ó le mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ọmọ tí ó gba A nínú mẹ́ta sàn ju ọmọ tí ó gba C nínú mẹ́fà lọ, ohunkóhun tí aládùúgbò lè máa sọ.

Kí ẹ tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, ẹ béèrè ọjọ́ ìkẹyìn tí ọmọ lè yí ohun tí ó yàn padà. Ilé-ìwé girama sábà máa ń fún wọn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nígbà tí sáà bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án, fún AP sì rèé, ẹ ní títí di nǹkan bí àárín oṣù kọkànlá láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Lẹ́yìn èyí, ìforúkọsílẹ̀ tí ó pẹ́ tàbí ìdánwò tí a kò ṣe mọ́ ń fa owó ìtanràn 40 dọ́là. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Bí ọmọ bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, kò sí ohun tí yóò hàn. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, W, àmì pé ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, yóò wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá sì pẹ́ ju ọjọ́ kejì tí wọ́n dá lọ, máàkì tí ó bá gbà ni yóò wà níbẹ̀. Ìkànnì kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni ọjọ́ méjèèjì máa ń wà, ilé-ìwé girama kì í sì í sábà fi wọ́n ránṣẹ́ sí òbí.